Èsì: Finale lórí Linux, tí ohùn kò jáde

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní Finale yín ti Windows, sọ́fítíwíà tí a fi ń kọ àmì orin, ṣí lórí Linux nípasẹ̀ Wine, tó ń jẹ́ kí sọ́fítíwíà Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux, àmì orin hàn kedere, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní kó fi ohùn kọ orin náà, kẹ́kẹ́ pa.

Ó jọ pé MIDI, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ nóòtì tó yẹ kó dún, ló wà nídìí ẹ̀, kì í ṣe Finale. Windows ní ohun tirẹ̀ tó ń sọ nóòtì MIDI di ohùn. Linux kì í sábà gbé irú rẹ̀ wá. Ẹ fi FluidSynth, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, sórí kọ̀ǹpútà, ẹ fún un ní fáìlì soundfont kan, ìyẹn fáìlì tó kó ohùn àwọn ohun èlò orin sínú, FluidR3 dára tó. Kó ti máa ṣiṣẹ́ kí ẹ tó ṣí Finale o! Bí Finale bá ṣáájú, ó lè má rí i rárá, ẹ ó kàn máa da ara yín láàmú. Lẹ́yìn náà, ẹ yàn án nínú ètò MIDI ti Finale.

Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, mi ò ní gbé iṣẹ́ tuntun lé Finale mọ́. MakeMusic, ilé iṣẹ́ tó ni Finale, ti kéde lóṣù kẹjọ ọdún 2024 pé àwọn ò ní ṣe é síwájú. Ẹ kó àwọn orin yín jáde ní MusicXML, irú fáìlì orin tí sọ́fítíwíà mìíràn lè kà, nígbà tí Finale ṣì ń ṣí, kí ẹ sì gbé wọn sínú MuseScore, tí òun náà wà fún kíkọ àmì orin. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò Wine. Nóòtì àti ọ̀rọ̀ orin á wọlé dáadáa. Ìtò ojú ìwé ni ẹ ó tún ṣe.

Tí ohùn bá ṣì kọ̀, ẹ tẹ aconnect -l, àṣẹ tó ń to àwọn ojú ìsopọ̀ MIDI tó wà, sínú terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ, kí ẹ lẹ èsì rẹ̀ síbí.