Òtútù tí ó yẹ kírísítálì iyọ̀ lábẹ́ ìtànṣán X

Ẹ béèrè bóyá dandan ni kí ẹ lo náítírójìn olómi, nígbà tí ìtànṣán X ń sọ kírísítálì pọtásíọ̀mù klóráìdì, iyọ̀ kan, di elésè-àlùkò lórí tábìlì lásán. Bí àwọ̀ nìkan ni ẹ ń wá, kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àbùkù tí ó mú àwọ̀ náà wá ṣe bẹ̀rẹ̀, òtútù kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí ó sì yé mi lẹ́yìn ọdún pípẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé náítírójìn gan-an kò tutù tó fún apá tí ó ṣe pàtàkì jù.

Ohun tí ojú ń rí ni ibùdó F, èyí tí onímọ̀ físíìsì Robert Pohl àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí rẹ̀ ní Göttingen, ní Jámánì: ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan há sí àyè tí áyọ́ọ̀nù klóríìnì (átọ́ọ̀mù klóríìnì tí ó ní ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan lé) ti kúrò, ó sì ń gbé ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi nánómítà 560 mì. Ibo wá ni klóríìnì náà gbà lọ? Àwọn onímọ̀ físíìsì Pooley àti Hersh dáhùn ní 1966. Ìtànṣán kì í fúnra rẹ̀ ta klóríìnì kúrò láyè. Ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó ń tú sílẹ̀, klóríìnì tí ó pàdánù rẹ̀ a sì so mọ́ èkejì rẹ̀. Bí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù bá padà bá àwọn méjèèjì, agbára tí ìbá jáde bí ìmọ́lẹ̀ a máa ti ọ̀kan nínú wọn wọ àárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù a sì jókòó sí àyè tí ó ṣófo. Klóríìnì tí ó fún ara rẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀ ni ibùdó H.

Ní nǹkan bíi 40 Kelvin (òṣùwọ̀n tí òdo rẹ̀ jẹ́ òpin òtútù) ni ibùdó H ti ń rìn nínú iyọ̀ yìí, náítírójìn sì wà ní 77. Nígbà tí ẹ bá fi máa wò ó, àwọn kan ti padà sí àyè wọn, wọ́n sì ti pa ibùdó F rẹ́, àwọn yòókù sì ti kóra jọ. Hílíọ̀mù olómi, ní 4 Kelvin, ni ó ń dá wọn dúró.

Náítírójìn wúlò fún klóríìnì méjì tí ó so pọ̀, tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù kò tíì padà bá, èyí tí àwọn onímọ̀ físíìsì Castner àti Känzig ṣàlàyé ní 1957. Kì í rìn títí yóò fi gbóná tó nǹkan bíi 200 Kelvin. Ṣùgbọ́n nínú kírísítálì tí kò ní àdàlù kankan, díẹ̀ ni ẹ óò rí, nítorí náà ẹ fi fàdákà díẹ̀ sí i nígbà tí ẹ bá ń yọ́ ọ, kí fàdákà lè gba ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù mú.

Ẹ la kírísítálì náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí ìtànṣán X tí kò lágbára kì í wọnú jìnnà. Ohun tí ó fún mi ní wàhálà jù lọ ni ibi tí kírísítálì ti kan bàbà tí ń tù ú: bí wọn kò bá lẹ̀ mọ́ra dáadáa, ìwọ̀n òtútù orí bàbà yóò tan yín jẹ. Ẹ so òṣùwọ̀n mọ́ kírísítálì gan-an. Ẹ mú kí yàrá náà ṣókùnkùn pẹ̀lú, pàápàá nígbà tí kírísítálì bá ń móoru, torí ìmọ́lẹ̀ máa ń pa ibùdó F rẹ́.