Àdìrẹ ti sú ẹ? Ó ti sú èmi náà rí

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́, o sì kú ìfaradà. Mo ka ọ̀rọ̀ ẹ látòkè délẹ̀. O ní àtìgbà tó o ti ṣe agùnbánirọ̀ tán lo ti ń ṣe àdìrẹ, owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ní báyìí tó o bá ti tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀ ńṣe ni wàá kàn máa wò ó tí òun náà á máa wò ẹ́, kò sí dìzáìnì kankan tó ń wá sọ́kàn, o ò tiẹ̀ mọ̀ mọ́ bóyá iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n yàn mọ́ ẹ tàbí kó o yáa lọ gba iṣẹ́ báǹkì tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń bá ẹ wá. Àwọn kan ti ní kó o gbààwẹ̀, àwọn kan ní kó o máa wo àwòrán lórí Pinterest, ẹnì kan tiẹ̀ ní kó o lọ jókòó sétí òkun. Èmi ò ní kó o má gbàdúrà o, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n nǹkan yìí ti ṣe mí rí, ó ṣe mí débi pé mo da ojú ìkòkò aró mi délẹ̀, mo lọ ń ta ọṣẹ àti tòmátò inú agolo ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò ìyá mi, tí mo sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé àdìrẹ ò lérè. Torí náà jẹ́ n sọ tèmi.

Má wá nǹkan tuntun. Lọ wá aṣọ àtijọ́ kan, kó o máa tún un yà títí tí ọwọ́ ẹ á fi mọ̀ ọ́n láìwò ó. Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ gbọ́ èyí, torí ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà mi ò fẹ́ gbọ́.

Inú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta ọṣẹ yẹn ni obìnrin kan bá mi sí. Ó ti mọ̀ mí nígbà tí mo ṣì ń rẹ aṣọ. Ó tú aṣọ ìyá ẹ̀ tó ti dolóògbé jáde látinú ọ̀rá dúdú, páténì Ìbàdàndùn ni, ẹlẹ́kọ gidi, irú èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ yà kí wọ́n tó rẹ ẹ́ láró, ó ti ṣá, ó sì ti ya níbi tí wọ́n ti rán awẹ́ méjèèjì pọ̀. Ó ní kí n bá òun ya irú ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ohunkóhun má yàtọ̀, torí ìrántí ìyá náà làwọn fẹ́ fi ṣe. Mo ní mi ò ṣe é mọ́. Ó dárúkọ iye tó máa san. Mo ní kó gbé aṣọ sílẹ̀, kí n má parọ́ fún ẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìbàdàndùn mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n máa ń ka aṣọ sí àpótí àpótí, tí àpótí kọ̀ọ̀kan á ní ohun tí wọ́n yà sínú ẹ̀, àmọ́ èyí tí gbogbo ayé fi ń dá a mọ̀ ni òpó Gbọ̀ngàn Màpó, tí ṣíbí wà láàárín òpó kan sí èkejì. Mo mú bébà, mo ń yà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo dé orí ṣíbí ni mo rí nǹkan. Kò sí méjì tó jọra! Ọ̀kan ọwọ́ ẹ̀ gùn, ọ̀kan orí ẹ̀ rí rìbìtì, ọ̀kan ní àmì tótòtó nínú bíi pé wọ́n ti bu oúnjẹ sí i, ọ̀kan tiẹ̀ dojú dé pátápátá. Ẹni tó bá dúró lókèèrè ò lè rí i láé, kódà ẹni tó ró aṣọ yẹn lè má rí i títí ọjọ́ ayé ẹ̀. Mo bú sẹ́rìn-ín nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó wá ra Maggi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí. Iṣẹ́ ti sú ìyá tó ya aṣọ yìí ni o! Ó ti ya òpó Màpó débi tó fi sú u, ló bá ń fi ṣíbí ṣeré. Kò jáwọ́ nínú páténì yẹn, kò sì lọ wá òmíràn, inú àpótí kékeré tí wọ́n fún un náà ló ti wá ibi tó máa gbà dára ẹ̀ lárayá.

Mo ya ti obìnrin yẹn bó ṣe ní kí n yà á. Ṣùgbọ́n mo ra aṣọ mìíràn, mo tún un yà fún ara mi, nígbà tí mo dé ibi ṣíbí, mo ya jẹ́nẹ́rétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo ilé ń fà lókùn nírọ̀lẹ́ yẹn. Mo ya agbòòrùn oníPOS. Mo ya ike omi tí wọ́n tò sílẹ̀ de táńkà. Aṣọ yẹn ò tíì gbẹ tán tí wọ́n ti rà á lórí okùn, ẹni tó rà á ń rẹ́rìn-ín, ó ń fọwọ́ kàn án, ó ní "ẹ wo jẹ́nẹ́rétọ̀ ilé wa." Ibẹ̀ ni mo ti padà sídìí aró.

Tó o bá sì wò ó dáadáa, ohun táwọn ìyá wa ṣe látìbẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Màpó n'Íbàdàn, ilé ìjọba ni, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yà á sára ìró. Wọ́n kàn rí i lórí òkè níbẹ̀, wọ́n sì yà á. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè ní 1935, tí àwòrán òun àti ìyàwó ẹ̀ wà káàkiri, àwọn aládìrẹ sọ ọ́ di páténì, wọ́n pè é ní Júbílì, wọ́n ń tà á. Àwọn ọkùnrin tó ń gé páànù tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sára aṣọ l'Abẹ́òkúta, páànù tín-ínrín inú àpótí tí wọ́n fi ń kó tíì wọ̀lú ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, nǹkan tí ẹlòmíì máa dà nù. Ẹ ń pè é ní ìmísí, ohun tó wà níwájú ilé wọn ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́ kí ojú wọn tó rí i, ìyẹn ni mo fẹ́ kó o gbọ́. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pín aṣọ sí àpótí, ì báà wo Màpó títí ilẹ̀ á fi ṣú, òpó lásán ló máa rí.

Pinterest yẹn ńkọ́? Ká sòótọ́ ọ̀rọ̀ síra wa, ó wà lára ohun tó ń pa wá. Lọ sí ọjà àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, kó o wo ọ̀wọ́ aṣọ tí wọ́n kó síta, yípo yípo kan náà, ewé kan náà, àwọ̀ kan náà, torí fóònù kan náà ni gbogbo wa ń wò. Màá máa wò ó fún nǹkan mìíràn, bí wọ́n ṣe ń rán kàbà, bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò ọjà. Páténì, rárá.

Nǹkan kejì tó gbà mí ni elú, ewé tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe aró. Mo mọ̀ pé aró oníkẹ́míkà lò ń lò, èmi náà ń lò ó fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà mi, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lé e. (Àwọn tó ń pariwo pé oníkẹ́míkà kì í ṣe àdìrẹ, ìjà àtijọ́ ni ẹ ń jà. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de aró òyìnbó àti sódà l'Abẹ́òkúta torí wọ́n ní ó ń ba orúkọ aṣọ Ẹ̀gbá jẹ́, àwọn ìyá aláró ò sì gbà fún un rárá. Ó ti pẹ́ tá a ti wà lẹ́nu ẹ̀.) Ṣùgbọ́n mo ní ìkòkò elú kan tí mi ò fi pawó. Wàá da elú tí wọ́n gún tí wọ́n sì ṣù sínú omi eérú, wàá dé e, ó di ọjọ́ mélòó kan kó tó kan, òórùn ẹ̀ á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, àwọn ayálégbé á máa dimú. O ò lè kán an lójú. Tó bá wá gbà, tó o fa aṣọ jáde, àwọ̀ ewé tútù ló máa kọ́kọ́ ní, wàá rò pé ó ti bà jẹ́, lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù níbi tó fẹ́lẹ́ jù, láti etí wá sáàárín, o ń wò ó báyìí. Kò sí bí inú mi ṣe bàjẹ́ tó tí mi ò ní dúró wò ó. Mo ti rí àwọn tó fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, èyí tó pọ̀ nínú wọn, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ṣe aṣọ kan tí kò ní kọ́sítọ́mà nídìí. Gbogbo nǹkan ni aṣọ ẹbí, gbogbo nǹkan ni "ṣé á yá ní Friday." Wá nǹkan kékeré kan nínú iṣẹ́ ẹ tẹ́nikẹ́ni ò sanwó ẹ̀, kó o má sì gbé e sórí Instagram.

Ní ti pé bóyá iṣẹ́ yìí ni wọ́n yàn mọ́ ẹ, èmi ò mọ orí tó o yàn lọ́run. Ṣùgbọ́n wo Jimoh Buraimoh ti Òṣogbo, tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Iná ló ń bójú tó fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládiípọ̀ nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, kò bá ti àwòrán wá. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ló wà, ni ọwọ́ tiẹ̀ náà bá bọ̀ ọ́. Àti olóògbé Lamidi Fákẹ́yẹ, ìdílé agbẹ́gilére ni wọ́n bí i sí, ó ti ń gbẹ́gi kó tó wá rí iṣẹ́ Bándélé ọmọ Àrẹógun l'Ọ́yẹ́-Èkìtì, ó rí i pé tọ̀hún ju tòun lọ, ló bá tún lọ bẹ̀rẹ̀ ìkọ́ṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀. Àgbà ọmọ tó ti mọṣẹ́! Mo máa ń rántí ìyẹn tí àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bá sọ fún mi pé àwọn ti mọ gbogbo ẹ̀ tán lórí YouTube.

Ọ̀rọ̀ owó wá ni ibi tó ti le. Aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wá láti Ṣáínà ti kún ọjà, iye tí wọ́n ń ta ti wọn, o ò lè fi ra aṣọ funfun àti aró. Má bá wọn du iye. Mo gbìyànjú ẹ̀, gbèsè ló kù sí mi lọ́rùn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún mi báyìí ni pé oníko, èyí tí wọ́n ń fi okùn so, àti èyí tí mo fi àbẹ́là ṣe ni mo fi ń jẹun, wọ́n yá, wọ́n sì ń tà, ẹlẹ́kọ wà fún ẹni tó bá lè dúró, mo sì máa ń gba ìdajì owó kí n tó fọwọ́ kan ìyẹ́ adìẹ. Kọ́sítọ́mà tó bá ń kánjú, mo máa ń júwe ibòmíì fún un tẹ̀rín tẹ̀rín.

Iṣẹ́ báǹkì ńkọ́? Gbà á, tó bá jáde. Mo mọ̀ pé inú ẹ ò ní dùn sí èyí, àwọn tó kọ̀wé ṣáájú mi ní kó o má ṣe é, pé ẹni tó bá ní ìpè kì í wẹ̀yìn, àmọ́ kò sí ìkankan nínú wọn tó máa bá ẹ san owó ilé. Ebi ò jẹ́ kéèyàn ya ṣíbí tó yàtọ̀ síra. Ṣá ti rí i pé aṣọ kan wà nílẹ̀ tó ò ń yà ní Sátidé, kódà kó jẹ́ àpótí méjì péré lo máa rí yà.

Èyí tó o béèrè nísàlẹ̀, pé ẹ̀kọ ẹ máa ń fọ́ tó sì ń ṣí kúrò lára aṣọ kó tó dénú aró: ó jọ pé ó ti ki jù, o sì ń sá a sóòrùn ọ̀sán gangan. Jẹ́ kó ṣàn díẹ̀ sí i kó o tó fi ìyẹ́ bọ̀ ọ́, fi álọ́ọ̀mù sí i nígbà tó o bá ń sè é lórí iná, sá aṣọ sábẹ́ òjìji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kó o sì rọra máa tẹ̀ ẹ́ bọ aró, má rún un mọ́ra, jẹ́ kó gbẹ kó o tó tún un tẹ̀ bọ̀ ọ́. Tó bá ṣì ń fọ́, ya fọ́tò ẹ̀ sí mi, àmọ́ yà á níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti wà, èyí tó o fi síbí yẹn dúdú jù.