Ẹ má ì tíì ra sípíríǹgì: ìdáhùn fún káfíńtà tó ń ṣe ohun ìṣeré tí ń ta àwo

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Káfíńtà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Mo ń fi pákó ṣe nǹkan ìṣeré kan fún àwọn ọmọdé. Wọ́n á fà á sẹ́yìn, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, á sì ta àwo kékeré, ìyẹn nǹkan róbótó pẹlẹbẹ, síta. Ìdérí ìgò mínírà ni mo fẹ́ kó máa ta torí pé ó pọ̀ nílẹ̀, mo sì ti fi àwo púláíwúùdù náà dán an wò. Kì í ju ìṣísẹ̀ mẹ́rin sí márùn-ún lọ kó tó já bọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní kí n fi sípíríǹgì kejì kún un, pé agbára rẹ̀ ló kéré. Irú èwo ni kí n rà? Mo fẹ́ kó wà nílẹ̀ fún títà kó tó di Ojúde Ọba. Ṣé mo sì lè fi ọ̀dà kùn ún?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀gá káfíńtà. Ẹ má ì tíì ra sípíríǹgì kankan. Èyí tí ẹ ní lọ́wọ́ ti tó, ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kó ti pọ̀ jù.

Ìbéèrè yìí ti sú mi í gbọ́, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Àwọn ọmọ girama tó ń múra ìdíje sáyẹ́ǹsì máa ń gbé irú rẹ̀ wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣágámù, àwọn òbí náà ń béèrè. Ìmọ̀ràn kan náà ni gbogbo wọn ti gbà bọ̀: "Fi agbára kún un." Nǹkan kò lọ jìnnà, fi agbára kún un. Ó dojú dé, fi agbára kún un. Ó ń bí mi nínú, torí pé ẹni tó gbani nímọ̀ràn yẹn kì í sí ńbẹ̀ lọ́jọ́ tí nǹkan bá ba ọmọ ọlọ́mọ lójú.

Àìlágbára kọ́ ló ń já àwo yín bọ́. Àwo yín kò yí ni. Ẹ tún un ta, kí ẹ sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wò ó. Bó ṣe ń kúrò lẹ́nu àpótí ni iwájú rẹ̀ á gbé sókè, á takìtì, á sì bọ́ sílẹ̀. Ìdí ni pé atẹ́gùn tó ń gbé àwo pẹlẹbẹ ró kì í tì í láàárín gan-an. Apá iwájú ló ti ń tì í, bẹ́ẹ̀ àárín ni ìwúwo àwo wà. Iwájú gbọ́dọ̀ gbé sókè nígbà náà, kò sí nǹkan kan tó dá a dúró.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí títakìtì yẹn ń ná yín. Ẹ mú àwo tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6, tó nípọn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Bó bá ń lọ ní pẹlẹbẹ, etí rẹ̀ nìkan ló ń la atẹ́gùn, ìyẹn kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 níbùú lóròó. Bó bá kọ ojú gbàgàdà sí atẹ́gùn, ó di 28, ìlọ́po mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀. Sípíríǹgì wo lẹ fẹ́ fi bá ìyẹn jà? Bí ẹ bá sì sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, atẹ́gùn tó ń fà á sẹ́yìn á di ìlọ́po mẹ́rin, èyí tó ń gbé iwájú rẹ̀ sókè náà á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ kàn ń sanwó kó lè tètè takìtì ni. Sípíríǹgì ńlá tún wúwo fúnra rẹ̀, nínú agbára tí ẹ rà náà ló sì ti ń mú èyí tó fi ń gbé ara rẹ̀ sáré.

Ẹ rántí òkòtó tí a máa ń ta ní kékeré. Bí kò bá yí, kò lè fi ìdí ṣóńṣó yẹn dúró rárá. Bó bá ń yí, ẹ fi ìka kàn án, kò ní ṣubú; á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì máa yí lọ. Bí àwo tó ń yí ṣe ń ṣe lójú òfurufú nìyẹn. Atẹ́gùn ṣì ń ti iwájú rẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n dípò kó takìtì, á rọra fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwo oníke Frisbee tí ilé iṣẹ́ Wham-O ní Amẹ́ríkà ti ń tà láti 1957, yíyí tí ọwọ́ ẹni tó jù ú fún un ló ń gbé e lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ju àwo sókè fún àwọn tó ń fi ìbọn díje náà ní irin kan ní etí apá rẹ̀ tí àwo á kọ́kọ́ yí gbà kó tó fò. Àwo yẹn wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 105, sípíríǹgì ẹ̀rọ náà sì le gan-an, síbẹ̀ àwọn tó ṣe é kò fi yíyí sílẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé, ṣé yíyí yẹn kò ní jẹ nínú agbára sípíríǹgì ni? Á jẹ nínú rẹ̀. Bí àwo tó nípọn dọ́gba bá ń yí gba ara ògiri láìyọ̀, ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á lọ sí yíyí, ìdá méjì tó kù ló máa fi rìn. Eré rẹ̀ á fi nǹkan bíi méjìdínlógún nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Àwo tí eré rẹ̀ dínkù yìí ló sì máa lọ jìnnà ju èkejì lọ. Ibí ni kì í wọ àwọn ènìyàn létí. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ibí.

Ohun tí ẹ máa tún ṣe ni ọ̀nà tí àwo ń gbà nínú àpótí. Ẹ jẹ́ kó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, kó sì fi mìlímítà kan péré fẹ̀ ju àwo lọ. Ẹ gé tíúbù ọ̀kadà tó ti gbó, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri apá òsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ẹnu. Ògiri apá ọ̀tún àti ilẹ̀ ọ̀nà náà, fọ́míkà ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn kó lè máa yọ̀. Rọ́bà á di àwo mú lápá kan, apá kejì á jẹ́ kó kọjá, àwo á sì di dandan kó yí. Bó bá jáde ní eré mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìyọ̀, á máa yí ju ìgbà 20 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ìyẹn tó o.

Ohun tó ń ti àwo, ẹ má ṣe é ní pákó gbọọrọ kan tó dí gbogbo ọ̀nà. Ìka méjì ni kí ẹ fún un, kí àyè tó wà láàárín wọn tó sẹ̀ǹtímítà 4 àti ààbọ̀. Ẹ gé ara bírò tó ti tán sí kékeré méjì, kí ẹ fi bọ àwọn ìka náà kó lè máa yí fàlàlà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìka á máa há àwo, yíyí tí a ń wá á ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí ìka apá ọ̀tún yọ síwájú díẹ̀, òun ló máa ti àwo mọ́ rọ́bà. Ìdí kejì tí mo fi yan ìka méjì ni pé ọmọdé kò ní ṣe kó má ki òkúta, ìṣó tàbí ìdérí ìgò sínú rẹ̀. Ohun kékeré máa ń yẹ̀ sí àárín ìka méjèèjì, kì í rí ẹni tì í dáadáa. Mi ò sọ pé ààbò pátápátá nìyẹn. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ ki òkúta àti ìṣó sí i, kí ẹ dojú rẹ̀ kọ ògiri, kí ẹ wò bóyá á ta wọ́n. Bó bá ta wọ́n, ẹ má tà á fún ẹnikẹ́ni, ẹ lọ tún un ṣe.

Àwo fúnra rẹ̀: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé ìdérí ìgò. Irin ni, etí rẹ̀ ní eyín yíká, ó sì kéré débi tí ọmọdé lè gbé e sẹ́nu kó há a lọ́fun. Púláíwúùdù náà le jù fún ojú ènìyàn. Ẹ lọ bá àwọn ṣúmékà, kí ẹ ra fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì, kí ẹ gé e ní róbótó, kí ẹ lẹ tíúbù tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká. Tíúbù yẹn á di ògiri mú, ó sì tún ń kó ìwúwo lọ sí etí, èyí tó ń jẹ́ kí àwo pẹ́ kó tó dẹ́kun yíyí. Ẹ wọ̀n ọ́n. Gíráàmù 5 ni mo fi ṣe ìṣirò ìsàlẹ̀ yìí.

Ẹ ó rí i pé bí rọ́bà bá wà lápá òsì, àwo á máa fì sí ọ̀tún bí ó bá ti ń rẹ̀ ẹ́. Kò bàjẹ́. Ẹ gbé apá ọ̀tún àpótí sókè díẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ ta á, á lọ tààrà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá ku sípíríǹgì tí ẹ bi mí. Ẹ gbé àpótí nàró, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè, kí àwo má sí nínú rẹ̀, kí ẹ so ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kan kọ́ ohun tó ń ti àwo. Ọ̀rá kan wúwo tó ìdajì kílò. Ó yẹ kó fà á wálẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8. Bí kò bá fà á tó bẹ́ẹ̀, sípíríǹgì yín ti le jù, mo sì rò pé ohun tí ẹ máa bá ńbẹ̀ nìyẹn. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi rọ́bà tíúbù rọ́pò rẹ̀. Ìṣirò rẹ̀ rèé (newton ni a fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń fà tó, joule ni a fi ń wọn agbára): ìdajì kílò ń fà pẹ̀lú newton 5, ìdajì 5 lọ́nà 0.08 mítà jẹ́ 0.2 joule. Bí ohun tó ń ti àwo bá wúwo tó gíráàmù 15, òun ló máa kó èyí tó pọ̀ jù, yíyí á mú tirẹ̀, ìrìn àwo á sì gba nǹkan bíi 0.044 joule. Ìyẹn ni eré mítà 4 tí mo sọ lókè, ká tó yọ èyí tí fífi ara ha ọ̀nà máa jẹ. Bó bá jẹ́ ọ̀rá méjì ló tó fà á dé sẹ̀ǹtímítà 8, ìrìn àwo á fẹ́rẹ̀ẹ́ di 0.09. Ìlànà ASTM F963 tí Amẹ́ríkà ń lò fún nǹkan ìṣeré fi 0.08 joule ṣe ààlà. Ohun tí a ta tó bá kọjá ibẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè lórí rẹ̀ ń le sí i. Ẹ dúró ní ọ̀rá kan. Ẹ wá rí i pé sípíríǹgì kejì tí ọ̀rẹ́ yín ní kí ẹ rà, òun gan-an ló máa gbé yín kọjá ààlà náà, àwo á sì tún takìtì bákan náà.

Ọ̀rọ̀ ojú ni mi ò fi ṣeré. Bí wọ́n bá ta á lu ọmọ lójú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ ra á, kí wọ́n má fún omi ọmú sí i, kí wọ́n má kán oògùn tí wọ́n rà ní kẹ́mísì sí i. Ojú lè má pọ́n lóde kó sì ti ya nínú. Mi ò kì í ṣe dókítà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 8, èmi kò ní fún un, ohun yòówù kí ìyá rẹ̀ sọ.

Ní ti Ojúde Ọba, ẹ lè tà á, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rá tí ẹ dì ní kó wà. Ẹ má ta á han oníbàárà níbẹ̀. Èrò pọ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin ń kọjá, àwo kan péré tó bá ba ẹṣin lójú ti tó láti dá wàhálà tí owó ọjà yín kò lè san sílẹ̀. Bí ọjà bá sì yá tí ẹ fẹ́ máa ṣe é lọ́pọ̀, ẹ lọ bá SON, àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, nípa ìwé ẹ̀rí MANCAP tí wọ́n ń fún ohun tí a ṣe nílẹ̀ yìí. Èmi kò lè fọwọ́ sí i fún yín láti ibí. Mi ò tíì fojú rí i, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ọ̀dà: ẹ kun ara àpótí, kí ẹ má kun inú ọ̀nà tí àwo ń gbà, torí á ba yíyọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ béèrè èyí tí kò ní òjé, kó sì wà lára agolo rẹ̀ ní kíkọ; ọ̀dà tí wọ́n bù sínú ike fún yín láìní orúkọ, ẹ má gbà á. Àwo náà, ẹ ra fọ́ọ̀mù aláwọ̀ pupa tàbí ìyeyè, kí àwọn ọmọ lè tètè rí i nínú koríko.