Ìgò méje lóòjọ́, kò sí oúnjẹ: ṣé ebi kọ́ ni wọ́n fi ń pa àbúrò mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Lọ́ńdọ̀nù ni a ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 34, ní àìsàn Crohn, èyí tó máa ń mú ìfun wú. Ibì kan nínú ìfun rẹ̀ ti fún mọ́ra, wọ́n sì fẹ́ gé ibẹ̀ kúrò. Kílò 66 ni ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, 58 ló kù báyìí. Mo rò pé wọ́n á tètè ṣe é ni, àfi bí wọ́n ṣe sún iṣẹ́ abẹ náà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí wọ́n ní kó má fẹnu kan oúnjẹ, ohun mímu kan bíi mílíìkì tó wà nínú ìgò nìkan ni kó máa mu, méje lóòjọ́. Màmá wa tí wọ́n wá láti Ìjẹ̀bú-Òde kò gbà rárá. Wọ́n ní ebi ni òyìnbó fi ń pa ọmọ àwọn, wọ́n sì ti ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Ṣé a ò lè máa fún un ní díẹ̀ lálẹ́? Ìjọ wa tún ní ká gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta kó tó wọ tíátà.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun. Ẹ má pè mí ní dókítà o, oúnjẹ aláìsàn ni iṣẹ́ tèmi. Ẹ bá mi kí màmá. Ohun tó ń dùn wọ́n yé mi: ọmọ rù, ẹ tún ní kó má jẹun. Ṣùgbọ́n ìgò yẹn gan-an ni oúnjẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀.

Ẹni tí ìfun rẹ̀ ń wú, tó sì ń múra iṣẹ́ abẹ, a máa ń wá kálórì 30 sí 35 fún kílò kọ̀ọ̀kan nínú ìwọ̀n rẹ̀ lóòjọ́, pẹ̀lú purotéènì gíráàmù 1.2 sí 1.5. Fún kílò 58, ìyẹn á jẹ́ kálórì 1,740 sí 2,030, àti purotéènì bíi gíráàmù 70 sí 87. Ìgò tí wọ́n sábà máa ń fún èèyàn níbẹ̀ jẹ́ mìlílítà 200. Kálórì 300 àti purotéènì bíi gíráàmù 12 ló wà nínú ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di méje: 2,100 àti 84. Ẹ rí i pé wọn ò kàn pe méje lẹ́nu lásán. Bí màmá bá gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ kalẹ̀, ẹni tí inú ń run á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta, á tì í sẹ́yìn, gbogbo yín á sì gbà pé ó ti jẹun.

Ìdí tí wọ́n fi sún ọjọ́ síwájú ńkọ́? Kílò mẹ́jọ nínú 66 lé ní ìdá méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá ti pàdánù ju ìdá mẹ́wàá lọ láàárín oṣù mẹ́fà, ara rẹ̀ kò tíì ṣe tán fún ọ̀bẹ. Ẹ bi télọ̀ yín: aṣọ tó ti gbó, bí ẹ bá rán an, òwú kò ní já, aṣọ ni yóò ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán. Bẹ́ẹ̀ ni ìfun. Wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́, wọ́n á so orí méjèèjì tó kù pọ̀. Bí ara kò bá ní ohun tí yóò fi mú un jinná, ojú rírán yẹn lè tú, kí ohun inú ìfun máa jò sínú ikùn. Ìyẹn ló ń sọ iṣẹ́ abẹ kan di méjì, tí èèyàn fi ń jí pẹ̀lú àpò ìgbẹ́ lára ikùn.

Ìlànà àwọn onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn nílẹ̀ Yúróòpù ni pé bí aláìsàn bá ti rù báyìí, tí kì í sì í ṣe pàjáwìrì, kí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ ọ fún ọjọ́ 7 sí 14. Ti Crohn sábà máa ń gùn tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà nítorí iṣẹ́ méjì ni ìgò ń ṣe níbẹ̀: ó ń dá ẹran ara padà, ó sì ń mú kí ìfun tó wú rọlẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ara rẹ̀ yá débi pé oníṣẹ́ abẹ ní kó ṣì máa lọ sílé. Ẹ má fi ìyẹn sọ́kàn jù o. Ibi tó fún nítorí wíwú lè là, ibi tó ti di àpá líle kò ní tìtorí mílíìkì là. (Ẹ̀yin tí ẹ ní ulcerative colitis, àìsàn tó ń mú ìfun ńlá wú tó sì ń dá egbò sí i, tí ẹ ń ka èyí: ìgò nìkan kò lè wo tiyín, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rù kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, ẹ̀yin náà nílò rẹ̀ kún oúnjẹ.)

Wàyí o, oúnjẹ alẹ́. Rárá. Kì í ṣe ìkọ́kọrẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò tẹ̀ lé e ni. Òní ìkọ́kọrẹ́, ọ̀la ẹ̀fọ́ tètè pẹ̀lú igi rẹ̀, ọ̀tunla ẹ̀wà, àgbàdo sísè, ẹ̀pà tàbí háró inú ọsàn. Ohun tó ní fọ́nrán báyìí ló máa ń há sí ibi tó fún. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bí oúnjẹ mìíràn bá ti ń wọlé, agbára tí ìgò ní lórí wíwú yẹn á dínkù. Omi lásán lè wà láàárín, nítorí ìgò méje kò ju lítà kan àti ààbọ̀ lọ. Ẹ bi wọ́n bóyá tíì tí kò ní mílíìkì àti omi ẹran tí a sẹ́ wà lára ohun tí wọ́n gbà á láyè láti mu.

Màmá lè ní mílíìkì máa ń da inú àwọn ará ilé yín rú. Òótọ́ lè ni, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá ni inú wọn kì í gba ṣúgà inú wàrà. Púpọ̀ nínú àwọn ìgò wọ̀nyí ni wọ́n ti yọ ṣúgà náà kúrò. Ẹ wo ara ìgò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Bí inú bá ṣì ń kùn, ó sábà máa ń jẹ́ pé ó ń gbé e mì kíákíá ni. Kó fi ìdajì wákàtí mu ọ̀kan.

Kí ó sì tutù! Mílíìkì olóòórùn fàníilà tó wà lórí tábìlì láti àárọ̀, èmi náà ò lè mu ún. Ẹ kó wọn sí fìríìjì, ẹ máa yí adùn rẹ̀ padà. Ọkùnrin kan tí mo tọ́jú kọ̀ ọ́ pátápátá títí ìyàwó rẹ̀ fi dá a sínú kọ́ọ̀bù onídérí, kó má baà máa gbóòórùn rẹ̀. Ẹ gbé iṣẹ́ yìí lé màmá lọ́wọ́: aago méje àárọ̀ ni àkọ́kọ́, ìyókù ní wákàtí méjì-méjì, lórí tíréè, bí wọ́n ṣe máa ń gbé oúnjẹ fún un. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kílò ṣì ń lọ sílẹ̀, ẹ pe àwọn onímọ̀ oúnjẹ ibẹ̀. Wọ́n lè fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò imú rẹ̀ bọ́ ọ lóru. Bíbọ́ gba inú iṣan wà fún ẹni tí ìfun rẹ̀ kò lè gba nǹkan kan.

Bí kò bá tíì jẹ nǹkan gidi fún ohun tó ju ọjọ́ márùn-ún lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìgò, ẹ má fún un ní méje lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun kan tí ebi ti pa fún ìgbà pípẹ́ kú nígbà tí wọ́n bọ́ wọn yó, nítorí oúnjẹ òjijì máa ń fa àwọn èròjà phosphate àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ọkàn á sì dàrú. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ irú wọn, pẹ̀lú fítámínì B1 àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ní ti ààwẹ̀, ẹ̀yin ẹ gbà á. Kí òun má gbà á, àní fún ọjọ́ kan. Ilé ìwòsàn ti ní ààwẹ̀ tiwọn: wákàtí mẹ́fà ṣáájú tíátà, kò ní jẹ oúnjẹ, kò sì ní mu mílíìkì (ìgò náà wà nínú èyí), àmọ́ ó lè mu omi títí di wákàtí méjì ṣáájú àfi bí wọ́n bá sọ fún un pé kó má mu ún. Àgbo tí ẹnikẹ́ni bá sè pé kó fi fọ inú, ẹ dà á nù. Bó bá ń lo prednisolone, òògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, kó má dá a dúró fúnra rẹ̀.

Bí inú rẹ̀ bá wú tó sì le, tó ń bì, tí kò lè ṣu tàbí kó só, tàbí tí ibà mú un, ẹ má dúró de àárọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀.

Ẹ sọ fún màmá kí wọ́n tọ́jú ewùrà wọn. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ti gé ibi tó fún kúrò, tó sì ní kó máa jẹ oúnjẹ rírọ̀, ìkọ́kọrẹ́ wà lára ohun tí èmi gan-an á kọ́kọ́ dárúkọ. Kí wọ́n rin ewùrà náà kúnná, kí epo àti ata rẹ̀ má pọ̀, kí wọ́n sì yọ egungun ẹja rẹ̀ tán pátá.