Níbo ni ọ̀kẹ́rẹ́ ń sùn, kí ló sì ń ṣe lójú ọ̀sán?

Ẹ ní ọ̀kẹ́rẹ́ kan wà lórí ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé yín n'Íbàdàn. Inú ihò igi ló ń sùn lálẹ́, lórí ewé tó kó síbẹ̀, nítorí náà ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gé igi oníhò. Bí oòrùn bá ti yọ, á nà gbalaja lórí ẹ̀ka, á máa yá oòrùn. Lẹ́yìn náà ló ń wá ẹyìn, èso àti kòkòrò kiri, ẹyin ẹyẹ pàápàá. Ẹ wò ó dáadáa: ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di ẹyìn mú, á máa yí i bó ṣe ń fi eyín iwájú họ ọ́. Eyín yẹn kì í yé dàgbà, jíjẹ nǹkan líle ló ń bù ú kù. Ikún ní tirẹ̀, inú ilẹ̀ ló ń gbẹ́ ihò sí.