Kí ni obì ń ṣe fún ẹni tó ń ṣe àìsùn?

Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ ni pé kí ni ìdí tí àwọn àgbà fi ń jẹ obì mọ́jú níbi àìsùn, àti pé ṣé lóòótọ́ ni obì ń lé oorun tàbí àṣà lásán ni. Àdúrà tí a ń fi obì ṣe, pé kí obì bi ikú, kí ó bi àrùn, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ní ti oorun, àṣà náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé obì àbàtà àti gbànja ní kaféènì nínú, èròjà kan náà tó wà nínú kọfí. Ṣùgbọ́n oorun kò lọ síbì kan. Obì kàn ń dí i lọ́nà ni, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ bí ó ṣe ń dí i gbọ́dọ̀ mọ àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ kan tí a kì í sábà dárúkọ.

Nẹ́úrọ̀nù ni sẹ́ẹ̀lì tí ń gbé ìròyìn káàkiri inú ọpọlọ. Láàárín wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn wà, àwọn tí Rudolf Virchow, oníṣègùn ará Jámánì, sọ ní neuroglia ní ọdún 1856. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ fi gbà pé kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ wọn ju kí wọ́n di nẹ́úrọ̀nù mú, kí wọ́n sì máa bọ́ wọn, èrò tí ó bu iyì wọn kù púpọ̀ lójú tèmi. Ní ọdún 1990, Ann Cornell-Bell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà da glutamate, ọ̀kan nínú àwọn kẹ́míkà tí nẹ́úrọ̀nù fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, sórí irú sẹ́ẹ̀lì alátìlẹ́yìn kan tí ń jẹ́ astrocyte, tí wọ́n tọ́ sínú àwo. Kálísíọ̀mù ru sókè nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ó sì ń ràn láti ara ọ̀kan dé ara èkejì. Astrocyte ní receptor tirẹ̀ nìyẹn, èyí tí í ṣe ojú ara sẹ́ẹ̀lì tí kẹ́míkà ń so mọ́ láti jẹ́ iṣẹ́ tí a rán an.

Kò mọ sórí glutamate. Nígbà tí ènìyàn bá ta jí, noradrenaline, kẹ́míkà mìíràn tí nẹ́úrọ̀nù fi ń ránṣẹ́, á tú jáde nínú ọpọlọ, á sì so mọ́ receptor tirẹ̀ lára astrocyte. Bí ọpọlọ bá sì ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, astrocyte tó ń gba àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí náà ń tú ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń rí agbára, síta, èyí tí a óò gé di kẹ́míkà tí ń jẹ́ adenosine lẹ́yìn òde sẹ́ẹ̀lì. Bí a bá ṣe pẹ́ lójúfò tó ni adenosine ń kó jọ tó. Yóò so mọ́ receptor tirẹ̀ tí ń jẹ́ A1 lára nẹ́úrọ̀nù, yóò dín iṣẹ́ wọn kù, ojú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Astrocyte nìkan kọ́ ni ó ń pèsè rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpín tirẹ̀ kò kéré: ní ọdún 2009, Michael Halassa, Philip Haydon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dí ohun tí astrocyte ń tú síta nínú eku, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn tí wọ́n fi oorun du àwọn eku náà, oorun kò kùn wọ́n bí ó ṣe ń kun àwọn eku yòókù.

Ẹni tó bá wá rún obì lóru, kaféènì inú rẹ̀ jọ adenosine débi pé ó lè lọ jókòó sórí àga rẹ̀, ìyẹn receptor rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ iṣẹ́ tí adenosine ìbá jẹ́. Ní gbogbo àkókò yìí, adenosine kò dín kù. Ó dúró, ó ń retí àyè. Ó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 5 kí ìdajì kaféènì tó kúrò lára àgbàlagbà, nítorí náà obì ààjìn ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Bí ó bá sì ti ń tán, gbogbo oorun tí a dí lọ́nà á dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí awakọ̀ tó ti àìsùn bọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé obì lójú ọ̀nà. Lára aláboyún, kaféènì á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó gba obì àdúrà tirẹ̀, kí ó tọ́ ọ wò díẹ̀, kí ó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn àgbà.