Láti Lagos sí London, Wákàtí Mélòó Ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ní kí n wá kí àwọn ní London, báwo ló ṣe jìnnà sí Lagos tó? Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Ó tó bíi 5,000 kìlómítà, báàlù tó bá lọ tààrà á lò tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, èyí tó bá yà níbòmíì lè dínwó lóòótọ́ àmọ́ ẹ̀ẹ́ jókòó pẹ́ o. Wàhálà tiyín gan-an ni àtidé Ìkẹjà, torí Ògbómọ̀ṣọ́ ò ní ẹ́apọ́ọ̀tù, ti Ìlọrin ló sún mọ́ yín, ẹ lè ti ibẹ̀ wọ báàlù lọ Lagos. Tó bá jẹ́ oṣù Disẹ́ńbà, ẹ dá aago yín padà ní wákàtí kan, kẹ́ ẹ sì fi súwẹ́tà sínú báàgì ọwọ́, ẹ má dì í mọ́ gàrí àti èlùbọ́.